Ọláoyè Wá Yẹ Kambolé Wò

Bàbá Àlàsàn jókòó sábẹ́ igi kajú iwájú ilé rẹ̀ ní Kambolé, ó ń fi ọ̀bẹ gé èékánná ẹsẹ̀, nígbà tí alùpùpù kan láti Tchamba já ọkùnrin kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: bàtà òjò dé orúnkún láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí, báàgì ńlá lẹ́yìn, ìwé lọ́wọ́. Ìwé náà ni Bàbá Àlàsàn rí. Kò rí ọkùnrin náà rárá.

Ìwé tí wọ́n fa ìlà sí ní àpótí àpótí, ohun kan ṣoṣo ló túmọ̀ sí lágbègbè yìí: pùròjẹ́ ti dé, àwọn tó ń ran ìlú lọ́wọ́. Wọ́n ní nígbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sí Goubi, àwọn ará ibẹ̀ pa àgùntàn, wọ́n ka gbogbo ọrọ̀ wọn fún un, fìlà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n rí gbà. Ó dé Koussountou, àwọn yẹn sunkún dáadáa, pọ́ǹpù tuntun ló délẹ̀. Bàbá Àlàsàn sì ni alága ìgbìmọ̀ omi àdúgbò rẹ̀. Orí pọ́ǹpù àdúgbò náà ti fọ́ láti oṣù márùn-ún, àwọn obìnrin sì ti fi yé e pé bí oṣù ààwẹ̀ bá fi lé tí omi kò tíì jáde, àwọn máa yan alága mìíràn. Jàríátù ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yàn.

Bàbá Àlàsàn ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fajú ro. Ó rántí òkìtì iṣu tó wà lẹ́yìn òun, ó sún àga rẹ̀ kí ẹ̀wù rẹ̀ lè bò ó.

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá," ni àlejò náà wí. "Ọláoyè lorúkọ mi. Kouloundè ni mo ti wá, ní Sokodé. Ṣé ara yín le?"

"Ara wo? A ṣáà wà. Ẹ káàbọ̀, Mùsíọ̀. Ẹ jókòó. Ìyà ń jẹ wá."

"Mi ò tíì béèrè nǹkan kan, Bàbá."

"Mo mọ̀. Mo ní kí n tètè bẹ̀rẹ̀ ni."

Ọláoyè jókòó, ó yọ bíírò. "Ìbéèrè díẹ̀ ni. Mò ń yẹ àwọn ìlú ìhín wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù ni mo máa mú. Ẹ ṣáà sọ òótọ́ fún mi."

"Òótọ́ nìkan ló ṣẹ́ kù fún wa nínú ilé."

"Ọ̀nà tó wọ ibí ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà tí ẹ gbà á wá, ìdí yín kò ha ń ro yín bí? Èyí tí ẹ rí yẹn, ti ẹ̀ẹ̀rùn ni, ìyẹn nígbà tí ara ọ̀nà yá. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, mọ́tò kankan ò lè wọlé. Ìyàwó kan tí à ń retí láti Tchamba, ọmọ ló gbé pọ̀n dé."

"Ó dára gan-an!" Ọláoyè kọ mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Bàbá Àlàsàn wò ó. Ó ti rí oníwèé tó ń mi orí rí, ó ti rí èyí tó ń pòṣé, kò tíì rí èyí tí ìyà èèyàn ń dùn mọ́ nínú. Ó wí fún ara rẹ̀ pé ọkùnrin yìí fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ni.

"Tẹlifóònù ńkọ́? Ṣé ó ń wọlé?"

"Ó dọwọ́ bí ẹ bá ṣe lè gun òkìtì ọ̀gán sí. Tí ẹ bá gùn ún tán, tí ẹ kọjú sí ọ̀nà ààlà Bẹ̀nẹ̀, tí ẹ ò mí, ẹ lè gbọ́ 'álò' kan. Èkejì di ọ̀la."

"Mẹ́wàá! Kò sẹ́ni tó máa lè tọpa mi. Olè ńkọ́?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ló wá rí. Nígbà tó wo inú ilé, àánú wa ṣe é, ó fi tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀ fún wa."

"Ó ga o! Mẹ́wàá! Èèyàn mélòó ló wà nílùú?"

Bàbá Àlàsàn mọ̀ pé wọn kì í gbé pọ́ǹpù fún èèyàn díẹ̀. "Háà, a pọ̀! A pọ̀ bí eṣú! Ilé mi yìí nìkan, tí n bá ka àwọn tó wà ní Lomé, tí n ka àwọn ti Kútọnu, tí n ka àwọn tó wọ Nàìjíríà lọ..."

Bíírò dúró. Ojú Ọláoyè rọ. "Wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"...ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ," ni Bàbá yára fi kún un. "Gbogbo wọn pátá. Èmi àti ewúrẹ́ kan ló kù."

"Tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́hùn-ún, ṣé wọn ò ní padà wálé?"

Bàbá Àlàsàn kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀, bí ẹni tó ń wojú ọ̀run kó tó sá àgbàdo. "Wọ́n á... wọn ò ní... Ẹ̀yin alára ńkọ́, Mùsíọ̀, èwo lẹ fẹ́ nínú rẹ̀?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà."

"Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa dúró sí. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ."

"Mẹ́jọ. Oúnjẹ ńkọ́?"

"Ebi."

"Ebi báwo?"

"Ebi gidi. Tí a bá ti panu dé lówùúrọ̀, ó di ọjọ́ kejì kó tó tún là."

Láti inú ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé, ọmọrí odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún: gbì, gbì, gbì.

"Bàbá, kí ni mò ń gbọ́ yẹn?"

"Odó ni."

"Kí ni wọ́n ń gún nínú rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìyàwó mi ló ń gún odó òfìfo, kí àwọn aládùúgbò má baà mọ̀ pé a ò jẹun."

"Òórùn ọbẹ̀ ẹ̀pà tó ń ta sí mi nímú yìí ńkọ́?"

"Ti ilé kejì nìyẹn."

"Àwọn yẹn ń jẹun, àbí?"

"Rárá o. Wọ́n ń sè é lásán ni, kí àwa náà má baà mọ̀."

Ọláoyè kọ méjì, ó mi orí. "Oúnjẹ ò dára tó. Omi ńkọ́?"

Bàbá Àlàsàn dìde. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi í sí àyà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ojú ìwé tuntun fún èyí. Omi ò sí, Mùsíọ̀. Pọ́ǹpù wa ti kú láti oṣù márùn-ún. Omi wà nísàlẹ̀ o, kò gbẹ, orí tó ń fà á jáde ni kò sí mọ́. Odò ni àwọn obìnrin ń lọ. Ìgbà tí ẹyẹ ò tíì jí ni wọ́n ń jáde, oòrùn á ti ga kí wọ́n tó padà. Tí wọ́n bá ń sọ garawa kalẹ̀ báyìí, ojú tí wọ́n fi ń wò mí..."

Láti àárọ̀, èyí nìkan ni kò fi irọ́ sí.

"Òdo," ni Ọláoyè wí.

"Ṣé òdo dára?"

"Òdo burú, Bàbá! Ibi tí kò lómi, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Kambolé ò yege. Ẹ ṣeun, màá kọjá sí Koussountou."

"Koussountou kẹ̀! Wọ́n ti ní pọ́ǹpù!"

"Ohun tó ń gbé mi lọ nìyẹn."

"Ẹ fẹ́ lọ gbé pọ́ǹpù fún ẹni tó ní pọ́ǹpù?"

"Ta ló ń gbé pọ́ǹpù fún ẹnì kankan? Pọ́ǹpù tèmi, ara mi ni mo rà á fún."

Bàbá Àlàsàn rọra jókòó padà. Ó dé fìlà rẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́ ni pùròjẹ́?"

"Pùròjẹ́ báwo? Akọ̀wé ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ibi tí n ó sá sí ni mò ń wá."

Bàbá Àlàsàn na ọrùn wo ẹ̀yìn ọ̀nà. "Kí lẹ jí?"

"Mi ò jí nǹkan! Ayé ló fẹ́ bàjẹ́. A ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, àwa tí à ń múra sílẹ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí iná máa kú ní gbogbo ilé..."

"Iná wo?"

"...tí ilé epo máa tì, tó jẹ́ inú ìgò lèèyàn á ti máa ra epo..."

"Èyí tó gbé yín dé ibí láàárọ̀ yìí ńkọ́, inú kí ló ti jáde?"

"...tí dókítà á jìnnà, tí báńkì ò ní ṣí, tí kóówá á máa wá igi tí á fi dáná, tí á máa jẹ kìkì ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn!"

Bàbá Àlàsàn ronú sí i dáadáa. "Mùsíọ̀, ohun tó ń bà yín lẹ́rù yìí, àwa ń pè é ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé."

"Ìdí tí mo fi wá nìyẹn! Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi náà ò sì jókòó lásán. Gàrí wà nílé mi, àgbá méjìdínlógún, gbogbo rẹ̀ wà ní pálọ̀. Àlejò tó bá wá kí wa, orí gàrí ló ń jókòó sí. Iyọ̀ wà, ìṣáná wà, àtùpà tó ń gba oòrùn wà. Ọmọ́táyọ̀ ìyàwó mi wá ní òun fún mi di ọjọ́ Àìkú: yálà kí àgbá jáde, àbí kí òun jáde. Pọ́ǹpù sì wà lábẹ́ ibùsùn wa, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ fà, tuntun nínú páálí. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí ihò omi kan ní àwọn abúlé yìí tí kò ní bá mu."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀kan ṣoṣo ló wọ etí Bàbá Àlàsàn.

"Páálí yẹn," ó ní, "ṣé alùpùpù lè gbé e?"

"Ó lè gbé e. Àmọ́ kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Mo ti ní Koussountou ni mò ń lọ."

"Jókòó, Mùsíọ̀, jókòó. Oòrùn Koussountou le ju tiwa lọ. Mú ìwé yẹn padà wá, ká ṣe àtúnṣe díẹ̀."

Ó sún àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òkìtì iṣu yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ga tó àga.

Ẹnu Ọláoyè là. "Kí nìyí?"

"Ebi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Tún un kọ."

"Odó òfìfo yẹn ńkọ́?"

"Iyán ni. O máa jẹ níbẹ̀."

"Bàbá! Ṣé ti ọ̀nà náà, irọ́ ni?"

"Rárá o. Ọ̀nà burú. Ti ọ̀nà ò gba irọ́."

"Àwọn èèyàn ńkọ́?"

"Mi ò kà wọ́n dáadáa. Fi àyè yẹn sílẹ̀ ná."

Ọláoyè pa méjì rẹ́, ó kọ mẹ́wàá. Inú rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. "Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ti ilẹ̀. Hẹ́kítà méjì ni mo fẹ́ rà, níbi tó dá wà. Màá mọ odi yí i ká, màá to àfọ́kù ìgò sórí odi."

"A kì í ta ilẹ̀ fún àlejò níbí. Onílé ni àlejò ń wá, ẹni tó máa gbà á sọ́dọ̀. Onílé rẹ̀ á mú un lọ bá àwọn tó nilẹ̀, á ní àlejò òun nìyí, òun mọ̀ ọ́n, bó bá ṣe láabi, òun ni kí wọ́n wá mú. Wọ́n á sì fi ibi tó máa ro hàn án. Á gbin iṣu, á gbin àgbàdo. Igi nìkan ni kò ní gbìn, torí ẹni tó bá gbin kajú ti ń wí pé òun ló nilẹ̀."

"Ta ló máa wá jẹ́ onílé fún mi?"

"Ìbòòji ta lo jókòó sí?"

Bí "ẹ" ṣe di "ìwọ" nìyẹn. Ọláoyè ò fura. Bíírò pàápàá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò fura.

"Onílé gbọ́dọ̀ mọ àlejò rẹ̀," ni Bàbá Àlàsàn wí, ó gbé ìwé lé itan. "Ó kàn mí láti béèrè. Ebè mélòó lo lè kọ lóòjọ́?"

"Mo ti wo fídíò ogójì lórí ebè kíkọ."

"Iṣu inú fídíò yẹn, ṣé ó ta dáadáa? Mú ọwọ́ wá." Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ Ọláoyè wò. "Sùbùhánálàáhì! Ọwọ́ ọmọ ìkókó!" Ó ya òdo róbótó kan sínú àpótí. "Tó bá rẹ̀ ọ́ lásìkò ìkọbè, àwọn wo lo jọ wà nínú àáró, tí wọ́n máa wá bá ọ kọ tìrẹ?"

"Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe àáró. Ótónọ̀mù ni mí."

"Kí nìyẹn?"

"Ẹni tí kò nílò ẹnikẹ́ni."

"Áà. A ti ní ọ̀kan rí. Nígbà tó kú, ọjọ́ kẹrin la tó mọ̀." Ó ya róbótó kejì. "Bí ayé bá bàjẹ́ tán bí o ṣe wí, tí ebi wá lé àwọn èèyàn wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ, kí lo máa ṣe?"

"Màá ti ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ tí odi máa ṣe nìyẹn."

"Àwọn wo ni èèyàn yẹn?"

"Àwọn... tó bá wà nítòsí."

"Ta ló wà nítòsí?"

Ọláoyè wọ̀tún, ó wòsì. Adìyẹ kan ń kó ọmọ rẹ̀ kọjá. "Ẹ̀yin," ó wí wẹ́rẹ́.

"Ìyẹn ni pé ilẹ̀ lo wá tọrọ lọ́wọ́ wa, kí o lè rí ibi tí o ti máa sá pamọ́ fún wa."

"Bàbá, bí ẹ ṣe gbé e yẹn, kò dùn-ún gbọ́."

"Ìwọ lo gbé e wá láti Kouloundè. Èmi kàn bá ọ sọ̀ ọ́ ni." Ó ya róbótó tó tóbi jù, ó sì ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. "Mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún."

"Mẹ́rin! Kí lẹ tiẹ̀ fún mi ní mẹ́rin ọ̀hún lé lórí?"

"O kí mi dáadáa nígbà tí o dé."

Ọláoyè ṣí fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Orí rẹ̀ ń làágùn. "Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ọjọ́bọ̀ nìyí, Àìkú ti dé tán. Tí n bá padà láìrí ilẹ̀, Ọmọ́táyọ̀ á kó ẹrù rẹ̀, èmi àti gàrí la máa jọ ṣẹ́ kù. Ní ilé ìwé, ẹni tó bá fìdí rẹmi, wọ́n ń fún un láyè kó tún ìdánwò ṣe."

Bàbá Àlàsàn húkọ́. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó họ irùngbọ̀n bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wúwo fún.

"Ilẹ̀ kan wà," ó ní. "Kò tóbi, ṣùgbọ́n ó tẹ́jú, kò sì jìnnà síbi tí wọ́n máa fi oko hàn ọ́. Wọ́n ti gbẹ́ ihò omi síbẹ̀, ọgọ́ta mítà. Omi inú rẹ̀ mọ́ lóló. Orí nìkan ló kù."

"Ṣé kì í ṣe pọ́ǹpù tó kú yẹn lẹ ń sọ?"

"Òun ni. Ó kú, kò rà."

"Ẹ dúró ná." Ọláoyè gba bíírò rẹ̀ padà. "Ṣé àwọn èèyàn ń lọ síbẹ̀?"

"Láti oṣù márùn-ún, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tẹ ibẹ̀. Koríko ti bò ó."

"Mẹ́wàá! Ṣé odi wà?"

"Ti símẹ́ńtì, yí i ká. Ó ga dé ibi ìdí."

"Mẹ́jọ! Nígbà tí n bá wà ní Sokodé, ta ló máa ṣọ́ ọ?"

"Ẹ̀ṣọ́ wà. Ogójì."

"Ogójì!"

"Ìdájí ni wọ́n ń jí. Wọn kì í gbowó iṣẹ́. Èmi tí o ń wò yìí, mo jẹ́ alága wọn, ẹ̀rù wọn ń bà mí."

"Mẹ́wàá! Mẹ́wàá! Ohun ìjà wo ni wọ́n ń mú rìn?"

"Garawa."

Bíírò dúró lójú ìwé. "Garawa?"

"Àwọn obìnrin àdúgbò wa ni. Kò sí olè tó máa fọwọ́ kan ohun tí ogójì obìnrin ń ti ibẹ̀ pọnmi. Àwọn ogójì yẹn sì lọ́kọ, ọkọ wọn sì ní ọkọ́. Ìwọ tí o fún wọn lómi, ṣé wọ́n á máa wò ọ́ níran kí ìwọ pẹ̀lú ọwọ́ ìkókó yẹn máa kọ ebè? Ọ̀la ni màá mú ọ̀rọ̀ rẹ lọ bá àwọn tó nilẹ̀. Màá sọ fún wọn pé mo mọ̀ ọ́."

Ọláoyè wo ìwé rẹ̀. Ó ka máàkì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó rántí Ọmọ́táyọ̀. Ó rántí àgbá méjìdínlógún. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ pẹ́.

"Kambolé yege," ó wí, bí ẹni tí wọ́n yọ eyín fún.

Kò tíì pa ẹnu dé tí Bàbá Àlàsàn fi yíjú sí ẹ̀yìnkùlé. "Jàríátù! Fi odó yẹn sílẹ̀! Lọ sọ fún wọn pé omi máa dé ní Sátidé!"

Odó dákẹ́. Igbe ayọ̀ kan ta láti ilé ìdáná, ilé kejì gbà á, ilé kẹta gbà á, ó sì ń bá a lọ títí gbogbo àdúgbò fi ń hó.

Ọláoyè di fìlà rẹ̀ mú ṣinṣin. "Bàbá! Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ibi tí omi mi wà!"

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi," ni Bàbá Àlàsàn wí. "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àwọn tó ń pọn ọ́n nìkan ni."